Mítà Kan, Yàrá Méjì

"Ẹ má lu ògiri yẹn o!"

Aránṣọ náà sáré jáde láti yàrá rẹ̀ tòun ti okùn ìwọnṣọ lọ́rùn. Òṣìṣẹ́ iná tó wà lórí àkàsọ̀ bojú wolẹ̀.

"Àǹtí, mítà ìgbàlódé ni. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló máa ní tiẹ̀. Ṣebí ẹyọ kan ni ẹ̀yin àti Tíṣà Akínlóyè tẹ́ ẹ jọ kángun síra ń lò, tí gbogbo Aradagun wá ń gbọ́ ariwo yín?"

"À ń jà. Kí ló kàn yín?"

"Ìjà ti parí nìyẹn!"

Àyà aránṣọ já. Kò sí ìrọ̀lẹ́ tí tíṣà kì í kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nítorí áyọ́ọ̀nù. Bí ìjà bá parí, kí ni yóò tún máa gbé e wá?

"Wọ́n ní ẹni tí kò bá fẹ́ lè kọ̀ ọ́, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá kọ̀, ẹyọ kan yẹn náà lẹ̀yin méjèèjì á ṣì máa lò."

"Ó dáa. Mo kọ̀ ọ́."

Òṣìṣẹ́ mi orí, ó gbé àkàsọ̀ rẹ̀ lọ sílé kejì.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, iná tí wọ́n ti pa ní gbogbo àdúgbò láti àárọ̀ nítorí iṣẹ́ mítà kò tíì dé. Aránṣọ jókòó sínú òkùnkùn, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ni ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn.

Tíṣà ni. Òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé.

"Àǹtí Aránṣọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa áyọ́ọ̀nù yín. Ó ń fa iná jù!"

Aránṣọ wo áyọ́ọ̀nù tó tutù rinrin lórí tábìlì. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Ó ti gbóná kọjá agbára mi, Tíṣà. Ẹ wọlé, ẹ wá bá mi pa á."