Theophilus àti Àwọn Igún Ẹ̀yìnkùlé

Àìnáání ohun tó bá pọ̀ ni àléébù Theophilus, alápatà kan ní Odogbolu. Ohunkóhun tí kò bá ti ṣọ̀wọ́n, kì í jọ ọ́ lójú.

Ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀, Àmọ̀kẹ́, ló ti máa ń pa màlúù. Àwọn igún a sọ̀ kalẹ̀ láti orí igi àràbà, wọn a ṣa ìfun tó dà sílẹ̀ jẹ títí ilẹ̀ a fi mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn wọn a já ẹran gidi gbé lórí tábìlì Theophilus, inú a sì bí i. Lọ́dún 1984, ó ra oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ara kòkó, ó ní òun yóò fi pa gbogbo wọn.

"Fi wọ́n sílẹ̀, ọmọ mi," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Ìyá mi, ẹ wo imí-eṣú tó yọ òdòdó lẹ́bàá kànga yín yẹn. Ṣebí mo ro ó tán lóṣù tó kọjá? Bí igún náà ṣe rí nìyẹn. Bí mo bá pa tòní, tọ̀la á dé."

"Imí-eṣú ń gbọn irúgbìn káàkiri. Ẹyin kan ṣoṣo ni igún ń yé. Ta ló gbin igún rí tó hù?"

Theophilus rẹ́rìn-ín. Ó da oògùn náà sórí ìfun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn igún ti na ìyẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ àràbà. Ọ̀kan ṣì ń gbìyànjú àtigbé orí. Theophilus gbẹ́ kòtò, ó kó wọn sí i.

Igún mìíràn kò wá. Ìfun ń jẹrà, eṣinṣin bo gbogbo ilẹ̀, síbẹ̀ Theophilus kò bo ìfun náà mọ́lẹ̀. Ó ní àwọn ẹyẹ ń bọ̀. Òjò ńlá rọ̀, ó gbá ìdọ̀tí náà wọ inú kànga. Ìyá rẹ̀ mu omi náà, ni èébì àti ìgbẹ́ gbuuru bá dá a dùbúlẹ̀. Theophilus sáré gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìjẹ̀bú-Òde, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́.

"Ṣé àwọn ẹyẹ náà ti padà?" ni ìyá bi í.

Ọjọ́ náà ni ìyá kú.

Nígbà tí àwọn ará àdúgbò gbọ́ ohun tó pa á, wọn kò ra ẹran lọ́wọ́ Theophilus mọ́. A máa dá jókòó lẹ́yìnkùlé, a gbé ẹran tútù sílẹ̀, a máa wojú ọ̀run. Ojú ọ̀run ṣófo.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ni pé kí á má ṣe tìtorí pé nǹkan pọ̀ kí á sọ pé kò lè tán. Ewéko tí a ro lè tún hù lẹ́yìn òjò kan. Ẹ̀dá mìíràn wà tí a lè pa run láàárọ̀ kan, tí ẹkún wa kò sì ní lè dá a padà. Ẹ jẹ́ kí á máa fetí sí ẹni tó bá kìlọ̀ fún wa nígbà tí ìkìlọ̀ ṣì wúlò.