Fadérera Aláwọ àti Èrò Orí Fóònù

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ díẹ̀, kí n sọ ìtàn obìnrin kan fún yín. Ìlú Ọ̀yọ́ ló ń gbé, Fadérera lorúkọ rẹ̀, sálúbàtà aláwọ ló ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà gan-an. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: ó fẹ́ràn láti máa ka iye èèyàn, ṣùgbọ́n kì í ka èèyàn sí.

Orí ìkànnì kan lórí fóònù ló ti ń tajà. Tó bá ti fi àwòrán sálúbàtà tuntun síbẹ̀ láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti rà á tán. Àwọn tó ń tẹ̀lé e níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Bó ṣe di pé ó ń gbéra ga nìyẹn. Ẹni tó bá kọ̀wé sí i pé bàtà fún òun lẹ́sẹ̀, kò ní dá a lóhùn. Ẹni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò ní gbójú sókè wò ó. Á ní, “Ẹ lọ wò ó lórí fóònù, ibẹ̀ ni mo ti ń tajà.”

Ọkọ rẹ̀, Akínlabí, tó jẹ́ olùkọ́, bá a sọ ọ́. “Ìyá Ìṣọ̀lá, máa dá àwọn èèyàn yìí lóhùn. Owó wọn ni wọ́n fi rajà.”

Fadérera rẹ́rìn-ín. “Bàbá Ìṣọ̀lá, bí ẹnì kan bá bínú lọ, ọgọ́rùn-ún á rọ́pò rẹ̀.”

Àfi lọ́jọ́ Ajé kan tí àwọn tó ni ìkànnì náà yí ètò wọn padà. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àwòrán ọjà ò ní máa dé iwájú gbogbo èèyàn mọ́, fídíò làwọn yóò máa gbé síwájú, àti ìpolówó tí wọ́n bá sanwó fún. Àwòrán Fadérera tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ń rí tẹ́lẹ̀, èèyàn mọ́kànlélógójì péré ló rí i lọ́jọ́ náà. Ó rò pé fóònù òun ló bàjẹ́. Ó pa á, ó tún un tàn. Ó sanwó ìpolówó, kò sí ìyàtọ̀. Ó ṣe fídíò, ó tiẹ̀ jó nínú rẹ̀. Àwọn tó wò ó rẹ́rìn-ín, wọn ò ra nǹkan kan. Oṣù méjì kọjá. Sálúbàtà kún ara ògiri títí dé ẹnu ọ̀nà, eruku sì bò wọ́n. Fadérera pinnu pé òun yóò ta ẹ̀rọ tí òun fi ń rán awọ.

Nígbà tí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ náà wò ó tán tó sì lọ, Akínlabí jókòó ti ìyàwó rẹ̀. “Dárúkọ èèyàn márùn-ún fún mi nínú àwọn tó ti ra bàtà lọ́wọ́ rẹ rí.”

Fadérera lanu, kò rí orúkọ kan mú jáde. Nínú ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn, kò mọ ẹyọ kan! Ó bú sẹ́kún.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ṣí àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tó ti pa tì. Ó ń wá nọ́mbà àwọn oníbàárà rẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò polówó ọjà rárá. Ó kàn ń bèèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni bàtà tí mo ṣe fún yín?” Àwọn kan pa fóònù mọ́ ọn létí. Ẹni kẹrin tó pè jẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà kan ní Ṣakí, Ìyá Mosúnmọ́lá.

“Ẹ̀yin lẹ rántí mi lónìí?” ni obìnrin náà wí. “Oṣù kejì tí mo ra bàtà náà ni okùn rẹ̀ já. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé sí yín.”

Fadérera kúnlẹ̀ bí ẹni pé obìnrin náà ń rí i. “Ẹ má bínú, màmá. Mò ń bọ̀ wá tún un ṣe.”

Lọ́jọ́ kejì, ó wọkọ̀ lọ sí Ṣakí pẹ̀lú abẹ́rẹ́, awọ àti gọ́ọ̀mù. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé ìwòsàn, ó rán okùn bàtà náà. Ìyá Mosúnmọ́lá wọ̀ ọ́, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó wá tẹjú mọ́ Fadérera. “Ìwọ ọmọ yìí, o ti Ọ̀yọ́ wá nítorí okùn bàtà?”

Ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní láti àárọ̀ dalẹ́ làwọn máa ń wà lórí ìdúró, bàtà ọjà sì ń dá gìgísẹ̀ àwọn lóró. Fadérera fetí sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé páálí, ó fi bírò yí ẹsẹ̀ wọn ká, ó kọ orúkọ oníkálukú sí i, nọ́mbà fóònù rẹ̀, àti ibi tó ń dùn ún. Páálí mẹ́tàdínlógún ló gbé bọ̀. Nínú ọkọ̀, ó mí kanlẹ̀, oorun tí kò rí sùn dáadáa láti oṣù méjì sì gbé e lọ. Ẹni tó jókòó tì í ló jí i ní Ọ̀yọ́.

Fadérera kò ta ẹ̀rọ náà mọ́. Nọ́ọ̀sì kan ń sọ fún èkejì, iṣẹ́ sì ń wọlé. Fadérera kò fi ìkànnì náà sílẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ibẹ̀ wá, yóò gba orúkọ rẹ̀, yóò sì dá a lóhùn. Nígbà tó di ìgbà ọyẹ́, àwọn tó ni ìkànnì náà tún yí ètò padà. Ọlọ́jà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan pè é pẹ̀lú ariwo: “Fadérera, wọ́n tún ti ṣe é o!”

“Mo gbọ́,” ni Fadérera fèsì wọ́ọ́rọ́wọ́. “Jẹ́ kí n pè ọ́ padà, mo ní oníbàárà lọ́dọ̀.”

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé. Ẹ tajà lórí ìkànnì, kò sóhun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbéra ga nítorí èrò tó wà níbẹ̀, torí ẹlòmíì ló ni ibẹ̀, ó sì lè tì í nígbà tó bá wù ú. Oníbàárà tí ẹ mọ orúkọ rẹ̀, tí ẹ gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀, tí ẹ sì bá tún nǹkan rẹ̀ ṣe nígbà tó bàjẹ́, kò sí ètò tuntun tó lè gbà á lọ́wọ́ yín.