Ẹ Lọ Sinmi, Bàbá Hasanat

Èjìká ń dùn mí, eré ọkọ̀ ò sì tíì dé ìdajì ọ̀sà.

Láti ọdún tí wọ́n ti bí Hasanat, ọmọ mi, ni mo ti ń gba ife ẹ̀yẹ eré yìí. Ó ti sú mi.

"Bàbá Hasanat, ẹ lọ sinmi jàre!" Gbogbo Òde-Omi ń pariwo létí omi. "Ẹ jẹ́ kí Jubril gbà á!"

Mo dẹwọ́. Ọkọ̀ Jubril sún mọ́ tèmi.

Mo wá rí Hasanat láàárín èrò, ó gbọ́wọ́ lé ikùn.

Mo fi àjẹ̀ na omi bíi wèrè. Mo gba ife.

Jubril ń mí gúlegúle. "Bàbá, kí lẹ tún ń wá nídìí eré yìí?"

Nílùú wa, ẹni tó bá gba ife ló ń fi ọkọ̀ gbé aboyún tó bá ń rọbí lọ sí ọsibítù òdìkejì ọ̀sà.

Oṣù tó ń bọ̀ ni ti Hasanat.

Ọkọ̀ tó gbé ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tó fẹ́ bí i kò yára tó.