"Ma" Tí Kò Lámì

Oṣù mẹ́ta gbáko ni kọ̀ǹpútà Tíṣà fi ń ráre kó tó gbà kí wọ́n gbé e lọ fún àtúnṣe. Bí ó bá tàn án láàárọ̀, á fọ ẹnu, á mu tíì, kí ojú rẹ̀ tó là. Obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfowópamọ́ wò ó, ó mi orí. Ó ní àfi kí òun fọ́ọ̀máàtì rẹ̀, kí òun nu inú rẹ̀ nù pátápátá, kí òun sì fi ètò tuntun sí i. Ohunkóhun tí wọn kò bá kó jáde kí òun tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n gbàgbé rẹ̀.

Àyà ìyàwó Tíṣà já. Ìwé ọkọ rẹ̀ wà nínú ẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Tíṣà ti ń kọ ìwé náà, láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá. Láràárọ̀ á wọ yàrá ẹ̀yìn, á ti ilẹ̀kùn, ó di ọ̀sán. Torí ìwé yìí ni ìyàwó rẹ̀ ṣe gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kúrò ní yàrá yẹn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí òjò ti ń ta sí i. Kò jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ fẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Bí àlejò bá dé, òun ló ń parọ́ pé Bàbá ti jáde. Òun alára kò tíì ka ìlà kan níbẹ̀ rí, nítorí Tíṣà ní ìwé tí kò tíì parí kò ṣeé fi han ènìyàn. Bí ó bá gbé omi wọlé fún un, Tíṣà á pa ìdérí kọ̀ǹpútà dé, á rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó ń lọ," ni yóò wí. "Díẹ̀díẹ̀ ni."

Ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn. Tíṣà ní kò séwu.

Ọjọ́ àtúnṣe náà ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún Tíṣà. Àbúrò rẹ̀ ló bá a lọ sí ilé ìwòsàn. Kó tó kúrò nílé, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣèyọnu, òun fúnra òun yóò sọ fún obìnrin náà ohun tó yẹ kó ṣe. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n tì í wọlé fún iṣẹ́ abẹ, ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀: "Ko gbogbo foto jade. Ma pa foda IWE MI re o." Ó sì pa fóònù náà.

Obìnrin náà kó fọ́tò jáde. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnì tí yóò fi pa fódà náà rẹ́, ṣùgbọ́n kì í pa nǹkan oníbàárà rẹ́ láìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ó pe ìyàwó Tíṣà. Ìyẹn sáré dé pẹ̀lú bàtà méjì tí kì í ṣe ìkejì ara wọn.

"Màmá, ẹ bá mi ka èyí. Èmi kà á sí *máa*."

Ìyàwó Tíṣà kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

"*Má* ni," ó wí. "*Má* pa á rẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án, ọmọ mi. Ta ni yóò ní kí wọ́n pa iṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án rẹ́?"

"Wọn ò fi àmì sí i ni."

"Àwọn tí wọ́n ń gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ nítorí àmì." Ó jókòó pẹ̀sẹ̀. "Ojú yẹn ni. Ó ń yọ wọ́n lẹ́nu ju bí wọ́n ṣe ń sọ lọ."

Obìnrin náà ki fúláàṣì bọ kọ̀ǹpútà. Kí ìyàwó Tíṣà tó rí awò ojú rẹ̀ fà yọ, fódà náà ti wọlé.

"Ó ti tán?"

"Ó ti tán, Mà. Kò wúwo."

"Ọ̀rọ̀ ni." Ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kì í wúwo bíi fọ́tò."

"Géèmù káàdì ló wúwo nínú kọ̀ǹpútà yìí. Ó pọ̀ lọ súà. Ṣé kí n nu ìyẹn nù?"

"Nu gbogbo ẹ̀ nù. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ-ọmọ mi nìyẹn."

Ó ní kó ṣe ẹ̀dà ìwé náà mẹ́ta. Ó fi ọ̀kan sínú báàgì, ó ní kí wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí àkọ́bí rẹ̀, ó so ẹ̀kẹta mọ́ etí ìró.

Lọ́sàn-án, Tíṣà pè. Iṣẹ́ abẹ ti yọrí sí rere.

"Kọ̀ǹpútà ńkọ́?" ó bi í. "Ṣé ó ti nù ún?"

"Ó ti nù ún. Ẹ fọkàn balẹ̀, ìwé yín wà. Díẹ̀ ló kù kí ọmọ yẹn ka *má* yín sí *máa*."

Ìyàwó Tíṣà ń gbọ́ tí wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn kọjá.

"Ó wà?"

"Gbogbo ẹ̀. Ẹ̀dà mẹ́ta ni mo ní kó ṣe."

"Mẹ́ta," Tíṣà wí. "O ṣé, ìyá wọn. O káre."

Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Inú ìyàwó rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú òun náà. Ibẹ̀ ló ti pinnu pé òun kò ní dúró dìgbà tí yóò parí. Ó gba ilé ìtẹ̀wé lọ, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí Tíṣà kọ́ nílé ẹ̀kọ́, ó ní kó bá òun tẹ ibi tó bá dé, kí Bàbá bá a lórí tábìlì bí wọ́n bá dé lọ́la.

"Ẹ̀dà mélòó, Mà?"

"Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igba."

Ọkùnrin náà ṣí fódà náà. Ó wò ó, ó yí i sókè, ó yí i sísàlẹ̀, ó yọ fúláàṣì, ó tún tì í bọ kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ló rọra yí ojú kọ̀ǹpútà sí ìyàwó Tíṣà.

Ojú ewé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ló sì wà lójú ewé náà, láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn: "Fún aya mi ọ̀wọ́n, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí mi lọ́wọ́ títí tí mo fi parí ìwé yìí."