Má Jẹ́ Kó Gbọ̀n

Kí bàbá ọkọ nọ́ọ̀sì tó jókòó dáadáa sínú ọkọ̀, ó ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó gbé ẹsẹ̀ lásán lélẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí dáṣíbọọ̀dù bí ẹni tó ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná. Nọ́ọ̀sì, tó ti jókòó sídìí síárìn, pòṣé. Ṣé ọkọ̀ ni wọ́n fẹ́ wà ni, àbí bàbá fẹ́ na ẹsẹ̀ sùn?

Kì bá tí jókòó tì í ká ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Iṣẹ́ tuntun náà, nílé wọn ni yóò ti máa lọ tọ́jú àwọn àgbàlagbà tí kò lè jáde mọ́, lórí àwọn òkè tó yí ìlú ká, ẹni tí kò bá sì ní ọkọ̀ kò lè ṣe é. Tó bá di ọjọ́ Ajé tí kò rí ọkọ̀, ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbé e fún. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó wà nínú ẹbí, ti bàbá yìí ni. Awakọ̀ akérò ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní òun á yọ̀ǹda ọkọ̀ náà bí ìyàwó ọmọ òun bá lè wà á gun òkè, kó wà á sọ̀ kalẹ̀, kó má jẹ ẹ́ níyà.

Ìjà wọn kì í ṣe tòní. Láti ọdún tó kọjá ni bàbá ti yí padà. Nọ́ọ̀sì á kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, bàbá á máa ka ìwé ìròyìn rẹ̀ lọ. Fóònù tirẹ̀, bàbá gbé e fún ọmọ ọmọ rẹ̀ pé kó máa fi ṣeré, pé aláìríṣẹ́ṣe ló ń gbé fóònù kiri. Nọ́ọ̀sì kò fi bò fún ọkọ rẹ̀: "Bàbá yín kórìíra mi. Wọn ò kà mí kún èèyàn."

"Ṣíná!" Bàbá pariwo bí ẹni tó wà ní òdìkejì odò.

Ó ṣíná, ó ki jíà kìn-ín-ní, ọkọ̀ gbéra. Wọn kò tíì lọ jìnnà tí ariwo tún bẹ̀rẹ̀.

"Pààrọ̀! Kí lò ń dúró dè? Epo lò ń dà nù yẹn. Tí títì bá tẹ́jú, tètè máa pààrọ̀ jíà lọ, ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kí ẹsẹ̀ rẹ fúyẹ́ lórí tọ́tù!"

"Ẹ má pariwo mọ́ mi, Bàbá. Ẹ̀gbẹ́ yín ni mo wà."

Bàbá kò ṣú já a. Inú bí nọ́ọ̀sì, ó sáré ki ẹlẹ́ẹ̀kẹrin.

"Ó ń gbọ̀n! Má jẹ́ kó gbọ̀n! Mo ní kó o ṣọ́ epo, n ò ní kó o pa ẹ́ńjìnnì. Já a padà!"

Ó já a sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ara ọkọ̀ sì rọ̀. Ohun tó dùn ún jù ni pé òótọ́ ni bàbá sọ. Abẹ́rẹ́ tó ń fi eré ẹ́ńjìnnì hàn ti kú tipẹ́. Kò wù ú láti gbà á, àmọ́ ó gbà pé etí awakọ̀ àtijọ́ mú.

Ní oríta, ó béèrè bóyá ọ̀tún ni àbí òsì. Bàbá tẹjú mọ́ títì bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló sọ̀rọ̀. Ó yà sí òsì.

"Ta ló ní kó o yà síbí? Ọ̀tún ni òkè wà!"

Ó yí ọkọ̀ padà, ó di síárìn mú gírígírí. Wọ́n dé ìsàlẹ̀ òkè.

"Òkè ò fẹ́ ahun," ni bàbá wí. "Já a sí ẹlẹ́ẹ̀kejì kó tó rẹ̀ ẹ́. Tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Má tíì pààrọ̀. Mo ní má tíì pààrọ̀! Wo bọ́wọ́ ẹ ṣe le. Ṣé báyìí lo ṣe máa ń gún àwọn aláìsàn lábẹ́rẹ́?"

Ibẹ̀ ni sùúrù nọ́ọ̀sì ti tán. Kò yí ojú kúrò lójú ọ̀nà.

"Ìwọ bàbá yìí," ló wí, "ọjọ́ tó o bá kú ni ara máa tù mí."

Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wọn, kò fi "ìwọ" pè é rí. Ó mọ̀ pé ọkọ̀ ti lọ, iṣẹ́ ti lọ, bóyá ilé ọkọ pàápàá. Ó ń retí kí bàbá ní kó dúró, kó sọ̀ kalẹ̀.

Àtẹ́lẹwọ́ bàbá ṣì wà lórí dáṣíbọọ̀dù.

"Ó ti tó," ló wí. "Pààrọ̀."

Nọ́ọ̀sì pààrọ̀. Ó gbà pé ṣe ni bàbá ń tọ́jú ọ̀rọ̀ náà de ọkọ òun. Ó wà á dé orí òkè, ó sì wà á sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí wọ́n páàkì sí ẹ̀gbẹ́ títì nítòsí ilé, bàbá wọ bàtà rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

"Ọwọ́ ẹ le o," ló wí, "àmọ́ ọkọ̀ ò gbọ̀n. Máa gbé e lọ síbi iṣẹ́."

Ojú ti nọ́ọ̀sì, ó dorí kodò. "Ẹ forí jì mí, Bàbá. Ìbínú ló sọ̀rọ̀ yẹn."

Bàbá ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ó pa ilẹ̀kùn dé. Inú tún bí nọ́ọ̀sì. Ṣé ẹni tó lè yọ̀ǹda ọkọ̀ ò wá lè dá ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ lóhùn?

Bàbá gba ojú títì lọ sílé, ọkọ̀ oníyanrìn kan sì já wá lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fọn fèrè kíkankíkan, táyà ń ké lórí ọ̀dà, àwọn èèyàn ń kígbe láti ojú fèrèsé, títí ó fi dúró gbọn-in lẹ́yìn bàbá níbi tí ọwọ́ ti lè tó o, bàbá sì rọra ń bá ìrìn rẹ̀ lọ, ó ń gbọn eruku ara ṣòkòtò rẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn.