Fọ́tò Tí Màmá Fẹ́

Fóònù ọkọ tún ń dún nínú àpò rẹ̀, ó ń ké bí ọmọ tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu ẹ̀.

Ọkọ ò tiẹ̀ wò ó. Wẹ́dà ni, ìdákọ̀ró ńlá tó ti dípẹtà létí òkun ló ń wò, ó ń fi ìka tọ ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀.

"Wò ó, ìyàwó mi. Látijọ́ yìí, kò tíì já."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, àmọ́ àpò tí fóònù ti ń dún ló ń wò.

Bàbá tó ń mú wọn kiri èbúté àtijọ́ náà ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ ò fẹ́ fi ọwọ́ ara yín sílẹ̀! Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra ni?"

"Ọdún kẹwàá rèé, Bàbá," ni ọkọ fèsì.

"Áà! Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ìyàwó wolẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tún di ọwọ́ ẹ̀ mú ṣinṣin.

"Àwa méjì la wá, Bàbá."

Fóònù tún dún. Ìyàwó fúnra ẹ̀ ló yọ ọ́ lápò ọkọ, ó gbé e.

Ohùn ìyá ọkọ rẹ̀ bú jáde. "Níbo lo wà? Àwọn àna ti jókòó! Ọmọge tá a wá fún ọ ti múra tán! Bí o ò bá yọjú, fọ́tò rẹ la máa fi gbé e níyàwó!"

"Ẹ kú ìnáwó, Màmá," ni ìyàwó wí. "Fọ́tò lẹ fẹ́? Ó ń bọ̀."

Ó gé ìpè náà, ó na fóònù sí Bàbá, ó wá fara ti ọkọ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí.

"Ẹ yà wá, Bàbá. Ẹ ò gbọdọ̀ gé mi kúrò níbẹ̀ o."