Alfa Tí Kò Fẹ́ Gbọ́ Àṣìṣe

Àléébù kan ṣoṣo ni Alfa Abdulkareem ní: kò lè fara da àléébù ẹlòmíràn. Bí ènìyàn bá ka Kùránì níwájú rẹ̀ tí ahọ́n onítọ̀hún yẹ̀ díẹ̀, ojú Alfa á fà ro bí ẹni tó ṣèèṣì jẹ orógbó. Ó gbà pé ohun tí kò bá pé, kò yẹ kó jáde lẹ́nu rárá.

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni a ti bí i. Ọmọ ìrákòrò ni nígbà tí baba rẹ̀ kú. Raliat ìyá rẹ̀ ló ń sẹ́ ògì tà tó fi rán an ní ilé kéwú, títí ó fi dé ìlú àwọn Lárúbáwá. Nígbà tó padà dé, ó dá ilé kéwú tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́bàá Sábó. Ohùn rẹ̀ dùn, ìmọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀. Láìpẹ́, ọmọ kún orí ẹní rẹ̀, àwọn òbí sì ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan wà nínú kéwú tí ahọ́n Yorùbá kì í fẹ́ gbé. Láti ayé àwọn baba ńlá wa ni a ti ń pè é bí “l”. Òun náà ló di “l” tó wà nínú àlùwàlá tí à ń ṣe. Alfa gbógun ti “l” yìí. Ọmọ tó bá fi í ka súrà, á dá a dúró, á ní kó panu mọ́ títí ahọ́n rẹ̀ yóò fi tọ́. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ tó ń panu mọ́ pọ̀ ju àwọn tó ń kà lọ.

Sàídù, Háúsá tó ń ta àlùbọ́sà lójúde wọn, fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó ní, “Alfa, ‘l’ yìí náà ni bàbá mi fi kírun ní Kánò títí tó fi kú. Ṣé kí n lọ jí i kó wá tún gbogbo rẹ̀ kí?” Alfa kò rẹ́rìn-ín. Sàídù wá ní, “Ẹ̀yin Yorùbá náà lẹ sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.”

Nígbà tí agbára ìyá rẹ̀ ń dínkù, Alfa mú un wá sọ́dọ̀. Ìyá kò jókòó lásán. Ó bá àwọn ọmọ jókòó lórí ẹní, ó kọ́ súrà tí àwọn àgbà ń pè ní Wàlúhà, ó sì mọ̀ ọ́n sórí. Ohun tó kù tó wù ú kó tó kú ni kó kà á sókè lójú gbogbo ènìyàn, níbi wòlímọ̀, àjọyọ̀ àwọn ọmọ tó ka kéwú parí.

Alfa ní, “Màámi, ẹ ò lè fi ‘l’ yín yẹn kà á. Ẹ máa dójú tì mí.”

Ìyá fi oríkì pè é. Ó ní, “Àkànní, ahọ́n yìí náà ni mo fi tọrọ rẹ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọlọ́run kò ní kí n lọ tún un pè.”

Lọ́jọ́ kejì Alfa sọ fún àwọn ọmọ pé kò sí ohùn kankan tó mọ́ tó láàárín wọn, nítorí náà òun fúnra òun ni yóò ka Wàlúhà níbi wòlímọ̀ wọn. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ọjọ́ wòlímọ̀ pé. Àwọn ọmọ wọ aṣọ funfun, wọ́n jókòó bí ère. Alfa dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Wàlúhà, ohùn rẹ̀ sì ń dún bí agogo. Ó ka ẹsẹ tó sọ pé, ǹjẹ́ Ọlọ́run kò bá ọ ní ọmọ òrukàn, tó sì fún ọ ní ibùgbé? Ibẹ̀ ni èyí tó tẹ̀ lé e ti fò lọ lọ́kàn rẹ̀. Ó padà sẹ́yìn, ó tún un kà. Kò rí i. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ń kọsẹ̀, áḿbọ̀sì ẹlẹ́sẹ̀ méjì.

Bí ẹni tó ń ka kéwú bá gbàgbé, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló ń gbé e fún un. Gbogbo àwọn ọmọ yẹn ló mọ̀ ọ́n. Bushrah, ọmọbìnrin tó mọ̀ ọ́n jù, la ẹnu, ó rántí àṣẹ Alfa, ó pa ẹnu dé. Àwọn yòókù náà panu mọ́ bó ṣe kọ́ wọn.

Ohùn kan wá jáde láàárín àwọn obìnrin: “Wawajadaka lọ́ọ̀lan fahadà.” Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, Ó sì bá ọ ní ẹni tí kò tíì mọ̀nà, Ó sì fi ọ̀nà hàn ọ́. Ìyá ni.

Ká ní Alfa gbà á ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà kò ṣeé fi pamọ́. Ó yíjú padà, ó ní, “Màámi, ‘l’ kọ́ ni.” Nígbà tó fẹ́ máa bá kíkà lọ, gbogbo súrà náà ti lọ pátápátá. Ẹnì kan pòṣé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Ìyá fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde. “Ẹsẹ ni mo gbé fún ọ, Àkànní. Lẹ́tà lo mú.”

Ó gbà á níbẹ̀, ó ń kà á lọ, “l” rẹ̀ kò sì yẹ̀. Bushrah gbè é. Ọmọ mìíràn gbè é, gbogbo wọn sì gbè é. Alfa ní kí wọ́n dákẹ́. Kò sí ẹni tó dákẹ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, àwọn òbí ń kó ọmọ wọn lọ sọ́dọ̀ alfa mìíràn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá padà sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó sì ń ka Wàlúhà sókè nídìí ògì rẹ̀ láràárọ̀. Abdulkareem nìkan ló kù. Ẹní rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó tẹ́ gún régé. Ó wá rí ohun tó ń wá: ilé kéwú tí a kì í gbọ́ àṣìṣe kankan níbẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, àti ìwọ ọmọ mi tí mò ń kọ èyí nítorí rẹ, ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò ní kí á má tún ahọ́n wa ṣe. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run nìkan ló pé, ẹni tó bá sì ní kí ọmọ ènìyàn pé kó tó sọ̀rọ̀, ó fẹ́ kó yadi ni. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run pàápàá sọ pé ẹni tó ń kà á tó sì ń nira fún un, ẹ̀san méjì ni tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a máa fà wọ́n mọ́ra bí a ti ń tọ́ wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí o panu mọ́ nítorí pé ahọ́n rẹ wúwo, ọmọ mi, gbé e bó ti wúwo yẹn, kí o sì kà á sókè.